Teslim Balogun: Agbábọ́ọ̀lù tó padà wá di olùkọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò Ifangni tí ẹ máa ń gba Ìgòlò lọ ra ọjà l'Ékòó, bí ẹ bá dé Surulere, ẹ ó rí pápá ìṣeré Teslim Balogun. Ta ni ẹni tí wọ́n fi sọrí?

Ọmọ Èkó ni, ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Bó ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan ni wọ́n fi ń pè é ní Thunder, ìyẹn àrá. Ó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1949. Ẹsẹ̀ lásán ni èyí tó pọ̀ nínú wọn fi gbá a.

Lọ́dún 1955, ó padà lọ bá ẹgbẹ́ Peterborough United. Ọdún 1956 ló bọ́ sí Queens Park Rangers, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá, ó gbá góòlù 3 wọlé.

Kò fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ sókè òkun. Ó kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì Mexico lọ́dún 1968, níbi tí wọ́n ti ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Brazil.

Ó kú ní 30 oṣù Keje 1972. Ọdún 35 lẹ́yìn náà, lọ́dún 2007, ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lágbègbè wa, ẹsẹ̀ á rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ ẹlòmíì ló ń ṣẹ́kù.