Dókítà John Randle: Oníṣègùn tó ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ f'áwọn ọmọ Èkó

Lóṣù kejì ọdún 1928, ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú St. Moritz, lórílẹ̀-èdè Switzerland. Eré orí yìnyín ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ lè kán lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dókítà kì í jìnnà sí wọn. Ibi ìdíje yẹn náà ni àwọn dókítà tó tẹ̀lé àwọn eléré ìdárayá wá láti orílẹ̀-èdè 11 ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé tiwọn sílẹ̀.

Èkó ò ní yìnyín, omi la ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ s'Ágbòyí, àti ẹ̀yin tí odò Ògùn ń ya wọlé bá ní Mile 12, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé jìnnà. Lọ́dún 1928 yẹn kan náà, dókítà kan l'Ékòó ti ronú nípa omi tiwa. John Randle lorúkọ ẹ̀.

Ọdún 1855 ni wọ́n bí i ní abúlé Regent, ní Sàró. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Thomas, bàbá ẹ̀. Wọ́n ti kó o lẹ́rú rí kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ apòògùn ni Randle kọ́kọ́ ṣe l'ọ́sibítù ìjọba ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Kò tètè di dókítà o! Ó ti tó ẹni ọdún 29 kó tó wọ Yunifásítì Edinburgh. Nígbà tó ṣe tán lọ́dún 1888, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn.

Ó wá s'Ékòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'ọ́sibítù ìjọba. Lọ́dún 1890, ó fẹ́ Victoria Davies, tí Ọbabìnrin Victoria jẹ́ ìyá ìsàmì ẹ̀. Àmọ́ níbi iṣẹ́, irú ìwé-ẹ̀rí kan náà lòun àti àwọn dókítà òyìnbó ní, owó wọn ò dọ́gba, ipò wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ì bá dákẹ́ nítorí oúnjẹ. Randle ò dákẹ́. Ó bá wọn fà á títí tó fi kúrò níbẹ̀, ó dá dúró, àwọn èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Lọ́dún 1908, òun àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, wọ́n gbógun ti owó omi ẹ̀rọ tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Àbí ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ omi náà ni.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ń kú sómi. Ìjọba òyìnbó ò sì gbà láti ṣe ibi tí wọ́n á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Dókítà ni Randle. Kò sí oògùn tó lè fún ẹni tó bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi. Ohun tó lè ṣe ni kọ́mọ náà má rì rárá. Ló bá fi owó ara ẹ̀ ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ s'Óníkan. Ní tèmi, iṣẹ́ dókítà nìyẹn náà.

Lọ́dún 1928 yẹn ló kú. Adágún náà bàjẹ́ nígbà tó yá, kí ìjọba Èkó tó tún un ṣe, tí wọ́n sì kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, orúkọ Randle ló ń jẹ́. Láti Kétu, ẹ wọ ọkọ̀ CMS. Oníkan ò jìnnà síbẹ̀.