Rudolph Ackermann

Rudolph Ackermann (ọjọ́ 20 Oṣù Kẹrin 1764 – ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 1834) jẹ́ ayàwòrán kẹ̀kẹ́ ẹṣin, atẹ̀wé àti oníṣòwò. Ilẹ̀ Saxony ní Jámánì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó wà láyé, ìwé àti àwòrán tí ó ń tẹ̀ ní òpópónà Strand ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Lónìí, ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ káàkiri àgbáyé ni ìlànà Ackermann, èyí tí ó sọ bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ yí nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà. Kì í ṣe Ackermann ni ó hùmọ̀ ètò ìdarí tí ìlànà náà ti wá. Georg Lankensperger, aṣekẹ̀kẹ́ ní ìlú Munich, ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ackermann ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní England ní 1818. Ìlànà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, títí kan àwọn ọkọ̀ tuntun tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó ń gbé àṣẹ awakọ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dípò irin.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ìlú Stollberg ní Saxony ni wọ́n ti bí Ackermann. Oníṣẹ́ gàárì ẹṣin ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Látìn, ó sì wù ú láti tẹ̀ síwájú dé yunifásítì, ṣùgbọ́n owó kò sí. Nítorí náà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó kọ́. Láti inú iṣẹ́ gàárì ni ó ti bọ́ sínú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú yíyàwòrán kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó kàn án.

Ó ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú kan ní Jámánì, ó kọjá sí Basel ní Switzerland, ó sì dé Paris, níbi tí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ti gbilẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 23, ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Níbẹ̀ ni ó ti ń yàwòrán fún àwọn aṣekẹ̀kẹ́ pàtàkì ìlú náà. Ní nǹkan bí 1790, òun ni ó ya àwòrán kẹ̀kẹ́ àṣehàn tí wọ́n kàn fún aṣojú ọba ní Ireland. Iṣẹ́ náà gbé orúkọ rẹ̀ ga. Ó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níyàwó, ní 1809 òun náà sì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ òfin.

Ilé ìtajà àwòrán ní Strand

Ní 1795, Ackermann ṣí ilé ìtajà àwòrán àti ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán sí òpópónà Strand. Lẹ́yìn náà ni ó kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní òpópónà kan náà. Ó pe ibẹ̀ ní The Repository of Arts. Àwọn olówó àti àwọn ọ̀mọ̀wé a máa pàdé níbẹ̀ láti wo àwòrán, láti ka ìwé àti láti ra ọ̀dà ìkunwòrán. Nígbà tí ìyípadà ìjọba ní Fránsì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílùú wọn, Ackermann gba àwọn kan nínú àwọn ìsáǹsá náà síṣẹ́, ó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe.

Ó fẹ́ràn ohun tuntun. Ní 1801, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí aṣọ àti bébà kò fi ní í gba omi sára, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní Chelsea. Ilé ìtajà rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n tan iná gáàsì sí. Ó wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ títẹ àwòrán láti ara òkúta gbilẹ̀ ní England. Ní 1819, ó tẹ ìtumọ̀ ìwé Alois Senefelder, ẹni tí ó hùmọ̀ iṣẹ́ náà, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1808 sí 1810, ó gbé The Microcosm of London jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Àwòrán 104 aláwọ̀ mèremère ni ó wà nínú rẹ̀. Thomas Rowlandson ni ó ya àwọn ènìyàn inú wọn, Augustus Pugin sì ni ó ya àwọn ilé. Ní 1809 ni ìwé ìròyìn olóṣooṣù rẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ilé ìtajà náà, bẹ̀rẹ̀, ó sì ń jáde fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n a máa lẹ ègé aṣọ gidi mọ́ inú rẹ̀ kí àwọn òǹkàwé lè fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi, kú sí ogun Trafalgar ní 1805, Ackermann ni wọ́n fi ètò kẹ̀kẹ́ tí ó gbé pósí rẹ̀ lé lọ́wọ́ fún ìsìnkú tí ó wáyé ní Oṣù Kìíní 1806.

Kò gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ogun Leipzig ní 1813, tí ìyà ńlá jẹ àwọn ará Saxony, Ackermann wà lára àwọn òléwájú tí ó kó owó jọ ní England fún wọn. Ilé Aṣòfin pẹ̀lú fi £100,000 sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ náà, òun sì ṣe aápọn lórí bí owó ṣe dé ọwọ́ àwọn aláìní.

Ìṣòro kẹ̀kẹ́ tí ń dojú dé

Ní àsìkò tí Ackermann ń yàwòrán kẹ̀kẹ́, ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin pọ̀. Irin kan wà láàárín ọ̀pá náà, orí irin yìí sì ni gbogbo ọ̀pá náà ń yí lé. Bí ẹṣin bá yà, ọ̀pá náà a yí tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ kan a lọ síwájú, èkejì a bọ́ sábẹ́ ara kẹ̀kẹ́.

Àléébù méjì ni ó wà nínú ètò yìí. Èkíní ni pé bí ẹsẹ̀ bá ti bọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ fẹsẹ̀ lé a dín kù. Bí ẹṣin bá ń sáré, tàbí tí ọ̀nà bá dagun, kẹ̀kẹ́ lè dojú dé pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pé aṣekẹ̀kẹ́ ní láti gbé ara kẹ̀kẹ́ ga, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ kéékèèké síwájú, kí ẹsẹ̀ lè ráyè kọjá. Kẹ̀kẹ́ tí ó ga sì tètè ń ṣubú.

Erasmus Darwin, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ bàbá-bàbá Charles Darwin, ti ronú sí ìṣòro yìí ṣáájú 1760. Ó ya ètò ìdarí kan nínú èyí tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá yí, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní 1768, ó ṣubú láti inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ sì fọ́.

Ìwé ẹ̀tọ́ ti 1818

Ní 1816, Georg Lankensperger, aṣekẹ̀kẹ́ ààfin Bavaria ní Munich, gbé ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀ jáde. Ọ̀pá tí ó dá ẹsẹ̀ iwájú dúró kò yí mọ́. Ìkángun rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó ń yí, ẹsẹ̀ kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kẹ̀kẹ́ fẹsẹ̀ lé kò dín kù mọ́ nígbà tí ó bá ń yà, a sì lè mú ara rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀.

Nítorí pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá yí, ó di dandan kí wọ́n má yí bákan náà. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, òbìrí kékeré ni ẹsẹ̀ tí ó wà ní apá inú ń tọ̀, òbìrí ńlá sì ni ti apá òde. Bí méjèèjì bá yí ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan nínú wọn a máa fi ara wọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ inú gbọ́dọ̀ yí ju ti òde lọ. Bí a bá fa ìlà láti àárín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ìlà náà gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan ṣoṣo. Èyí ni kókó ìlànà Ackermann.

Ackermann ni aṣojú Lankensperger ní England. Ní Oṣù Kìíní 1818, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ náà ní orúkọ ara rẹ̀. Ní 1819, ó tẹ ìwé kékeré kan láti ṣàlàyé àǹfààní ọ̀pá tuntun náà àti láti dá àwọn tí ó ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lóhùn. Síbẹ̀, àwọn aṣekẹ̀kẹ́ kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ètò àtijọ́ sì ti mọ́ wọn lára. Ọdún 14 ni ìwé ẹ̀tọ́ ń lò ní England nígbà náà. Ti Ackermann parí ní 1832 láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ìgboro yí padà.

Ọjọ́ ìkẹyìn

Ní àwọn ọdún 1820, Ackermann ń tẹ ìwé ní èdè Sípéènì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní Amẹ́ríkà Látìn. Àwọn ará Sípéènì tí wọ́n sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òun náà ni ó gbé Forget-Me-Not jáde, ìwé ẹ̀bùn ọdọọdún tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfarawé rẹ̀. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 1830, ó sì kú ní Finchley ní 1834. Wọ́n sin ín sí ilé ìjọsìn St Clement Danes, tí kò jìnnà sí ilé ìtajà rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá òwò náà lọ.

Ìlànà náà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin kọ̀, ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rìn wá a kiri. Ẹṣin a máa fa iwájú kẹ̀kẹ́ sí ibi tí ó ń lọ. Ọkọ̀ tí kò ní ẹṣin nílò ìdarí tí ọwọ́ ènìyàn lè ká. Ní 1873, Amédée Bollée ní Le Mans ní Fránsì kàn ọkọ̀ oníná eéru kan tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá yí. Ó sọ ọ́ ní L'Obéissante, tí ó túmọ̀ sí onígbọràn. Nígbà tí Karl Benz ní Jámánì ṣe ọkọ̀ onípẹtiróòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1885, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó fi sí i, nítorí pé ìdarí ẹlẹ́sẹ̀ méjì níwájú kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1893, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìdarí tirẹ̀ tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá yí, ó sì fi sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó pè ní Victoria. Láti ìgbà náà ni ètò yìí ti di ti gbogbo ọkọ̀.

Àwọn aṣọkọ̀ òde òní kì í tẹ̀lé ìlànà náà láìyẹsẹ̀, nítorí pé táyà a máa yọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ìdarí oníwáyà àti òfin ààbò

Fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, irin ni ó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin náà ní ewu tirẹ̀: bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó lè ti sítíárìn lu àyà awakọ̀. Nítorí èyí, láti 1968 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi ìwọ̀n sí bí sítíárìn ṣe lè padà sẹ́yìn tó nígbà ìjàǹbá.

Nínú ìdarí oníwáyà, irin yìí kò sí, tàbí kí ó wà fún ìgbà ìṣòro nìkan. Ohun èlò kan a ka bí awakọ̀ ṣe yí sítíárìn, kọ̀ǹpútà a gba ìròyìn náà, mọ́tò iná mànàmáná a sì yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Infiniti Q50, tí ilé iṣẹ́ Nissan gbé jáde ní 2013, ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ń ṣọ́ ara wọn nínú rẹ̀, irin sì wà ní ìpamọ́ tí yóò so pọ̀ bí iná bá kọṣẹ́. Tesla Cybertruck, tí ó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní òpin 2023, kò ní irú irin bẹ́ẹ̀ rárá.

Òfin pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Òfin 79 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó béèrè pé kí irin so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún un ṣe kí ó lè gba ìdarí tí kò ní irin láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdè ààbò tì í. Bí ìdarí bá ní àléébù, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún awakọ̀. Bí orísun agbára tí ó ń gbé àṣẹ sítíárìn bá sì kú, agbára tí ó wà ní ìpamọ́ gbọ́dọ̀ tó kí ọkọ̀ lè tọ ipa bíi nọ́mbà 8 ní ìgbà 24 ó kéré tán, lórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 40, ní eré kìlómítà 10 láàárín wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ tí òfin yìí ń yanjú kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà níwájú Darwin àti Lankensperger: kí ọkọ̀ lè yà láìpa ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lára.

Orúkọ ìlànà náà

Orúkọ Ackermann ni ó dúró sára ìlànà náà, kì í ṣe ti Darwin tí ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti Lankensperger tí ìhùmọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ìwé ẹ̀tọ́ ti 1818 àti ìwé ti 1819, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìran tí ó tẹ̀ lé e rí kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fa èyí. Nínú àwọn ìwé ìtàn ọkọ̀ òde òní, a máa ń dárúkọ Lankensperger pọ̀ mọ́ ti Ackermann gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá.