Bartolomé de las Casas: Àlùfáà Tí Ó Rí Àṣìṣe Ara Rẹ̀

Bíbélì Kíkà: Deutarónómì 24:14-15; Lúùkù 19:1-10; Jákọ́bù 5:1-6

Ète Ẹ̀kọ́: Láti rí i pé ẹ̀kọ́ òdì a máa ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, àti pé ìrònúpìwàdà kò pé títí a ó fi tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe.

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá gba Allen Avenue kọjá ní Ìkẹjà yóò rí ilé ìfowópamọ́, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé tàbí tí a ń ṣòwò ní agbègbè yìí títí dé Agége ni ó ní ẹnì kan lábẹ́: dẹ́rẹ́bà, maigádì, ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí alágbàṣe. Ìtàn òní jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó ní àwọn ènìyàn lábẹ́, tí ó ń gbàdúrà, tí ó sì jẹ́ àlùfáà, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò tètè là sí ohun tí ó ń ṣe sí wọn.

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Ṣìnà

Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ ìwé sí Afonso, ọba Pọtogí. Ó fún un láṣẹ láti bá àwọn Mùsùlùmí àti kèfèrí jagun, kí ó sì sọ wọ́n di ẹrú títí láé. Ní 1455 ó tún kọ òmíràn, ó fi etíkun Áfíríkà lé àwọn Pọtogí lọ́wọ́. Ṣáájú èyí, ní 1444, wọ́n ti kó ènìyàn dúdú 235 gúnlẹ̀ sí ìlú kan ní Pọtogí tí à ń pè ní Lagos, wọ́n sì pín wọn bí ẹran. Orúkọ ìlú yìí kan náà ni òyìnbó fi ń pe Èkó wa. Ìṣe 17:26 kọ́ wa pé orísun kan ni Ọlọ́run ti dá gbogbo ènìyàn. Ìwé Póòpù lòdì sí èyí, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti Róòmù wá, àwọn tí ń kó ẹrú rò pé ọwọ́ àwọn mọ́.

Ìtàn Las Casas

Wọ́n bí Las Casas ní Seville, ilẹ̀ Sípéènì, ní 1484. Baba rẹ̀ bá Columbus lọ sí òkè òkun ní 1493, ó sì mú ọmọkùnrin onílẹ̀ kan bọ̀ wá ṣe ẹrú fún ọmọ rẹ̀. Ní 1502 Las Casas fúnra rẹ̀ lọ sí erékùṣù Hispaniola. Wọ́n pín ilẹ̀ fún un, wọ́n sì pín àwọn onílẹ̀ mọ́ ọn láti máa sìn ín. Ó di àlùfáà, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ wọn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣáájú Kérésìmesì 1511, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Antonio de Montesinos bá àwọn ará Sípéènì wí gidigidi láti orí àga ìwàásù nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn onílẹ̀. Las Casas kò yí padà. Àlùfáà kan tilẹ̀ kọ̀ láti ka ìdáríjì sí i lórí nígbà tí ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó bá a jiyàn, ó sì padà sídìí oko rẹ̀.

Ní 1514, ní Cuba, ó ń múra ìwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì sílẹ̀. Ó ka Ìwé Sírákì orí 34, níbi tí a ti sọ pé Ọlọ́run kì í gba ẹbọ tí a fi ohun ìrẹ́jẹ rú, àti pé ẹni tí ó du alágbàṣe lówó iṣẹ́ rẹ̀ dàbí apànìyàn. Àwa Onítẹ̀bọmi ka ìwé náà mọ́ Àpókírífà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni Jákọ́bù 5:4 ń kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó jọ̀wọ́ gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì wàásù ní gbangba ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń la òkun kọjá láti bẹ ọba nítorí àwọn onílẹ̀. Òfin tuntun jáde ní 1542 tí ó ka sísọ wọ́n di ẹrú léèwọ̀. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Chiapas, ó pàṣẹ pé kí a má ṣe dárí ji ẹni tí kò bá dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ dìde sí i, ó sì padà sí Sípéènì ní 1547.

Àṣìṣe Tí Ó Ṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ibi tí ọ̀ràn náà ti kàn wá. Nígbà tí ó ń wá ìtura fún àwọn onílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gba ọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó ẹrú dúdú wá dípò wọn. Wọ́n ti ń kó wọn lọ kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1518 ọba fún ìjòyè rẹ̀ kan láṣẹ láti kó 4,000. Ó gba ìdè lọ́rùn ẹnì kan, ó fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

Nígbà tí ó dàgbà, ó mọ bí àwọn Pọtogí ti ń jí àwọn ènìyàn wa kó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé bí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ onílẹ̀ di ẹrú ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ ènìyàn dúdú di ẹrú. Kò dá ara rẹ̀ láre. Kò dá a lójú pé àìmọ̀ òun yóò gba òun níwájú ìtẹ́ ìdájọ́. Ó kú ní Madrid ní 1566. Ọdún 1875 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà.

Ẹ̀kọ́ Fún Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí yangàn sí àwọn ará Ìjọ Àgùdà. Ní 2023, Róòmù kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé ka orí àwọn ìwé Póòpù wọ̀nyí sílẹ̀ ní gbangba. Àwa náà sì ní tiwa. Ní 1845, àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn ará wọn nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Ẹgbẹ́ wọn yìí ni ó rán Thomas Jefferson Bowen sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ó gúnlẹ̀ ní 1850. Ní 1995 ni wọ́n tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà tí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ìhìnrere tí a gbà jẹ́ òtítọ́. Ọwọ́ tí ó gbé e wá kò mọ́ tán.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wo ilé ara rẹ̀. Ìdámẹ́wàá tí a mú wá nígbà tí owó oṣù dẹ́rẹ́bà wà lọ́wọ́ wa, irú ẹbọ tí Las Casas kà nípa rẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú ti abúlé wá tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ ń ké, Olúwa sì ń gbọ́. Sákéù kò dúró títí di ìjọ́ kejì kí ó tó ṣèlérí àtisan án padà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí Las Casas kọ etí dídi sí ìwàásù 1511, tí ó sì gbọ́ ní 1514?
2. Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbèjà ẹnì kan, kí ó sì tún ni ẹlòmíràn lára?
3. Ta ni a jẹ lówó iṣẹ́? Ọjọ́ wo ni a ó san án?