Hubert Ògúndé, Ọ̀gá Eré tí ó Bá Aṣọ Ẹbí Wí

Ní ọdún 1946, nígbà tí aṣọ ẹbí ti di gbèsè sí ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́rùn ní ìlú Èkó, Hubert Ògúndé gbé eré kan jáde tí ó pè ní Human Parasites. Àṣejù aṣọ ẹbí ni ó dojú eré náà kọ, kò sì fi í ṣe àwàdà: eré ìbànújẹ́ ni. Ìgboyà ni èyí gbà, nítorí àwọn olówó àti olólùfẹ́ fàájì tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Ọ̀sọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ọdún 1944 ni ó kọ́kọ́ gbé eré orin ìjọ kalẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Ẹni tí ó fi Fegge ṣe ilé, tí ó sì ń ti Onitsha lọ sí Enugu fún òwò, kò ní ṣàì fẹ́ mọ èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ èédú 21 ní àfonífojì Iva ní Enugu. Ìjẹ̀bú ni Ògúndé, ṣùgbọ́n kò ka ọ̀ràn náà sí ti ará ibòmíràn. Ní ọdún 1950 ó fi í ṣe eré Bread and Bullet, eré náà sì kó o sí wàhálà lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn ní Kánò. Ní ọdún 1964, ó tún gbé Yorùbá Ronú jáde, ó bi àwọn ènìyàn rẹ̀ léèrè irú ẹni tí wọ́n ń dà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n tó tú òfin náà ká.

Ní ti obìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Láyé ìgbà náà, aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka obìnrin tí ó bá gun orí ìtàgé sí. Ògúndé fún àwọn obìnrin ní iṣẹ́ àti owó oṣù, ó sì fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba orúkọ wọn là, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe di wọ́n mọ́ agboolé rẹ̀. Òótọ́ méjèèjì ni. Nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Aiyé, tí ó jáde ní ọdún 1979, òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ń gba ìlú sílẹ̀. Obìnrin ni àwọn àjẹ́ tí ó ń bá jà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé, bí ó ti mú ọjú tó láti rí àṣejù àwọn olówó, agbára ọkùnrin kò fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ lóminú.

Ó ṣe Jáíyésinmi ní ọdún 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Ìjọba àpapọ̀ fà á lé e lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ọ̀sọ́sà sì ni ó kó àwọn òṣèré náà lọ.

London ni ó ti kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ọdún 1990. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Living in Bondage jáde lédè Ìgbò, ìtàn ọkùnrin tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ètùtù owó, tí òǹtàjà fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Onitsha.