Hárúnà Ìṣọ̀lá: Onápàlà tó kọ̀ gìtá, àmọ́ tó kọ́ sítúdíò s'Íjẹ̀bú-Igbó

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó gbé orin àpàlà dé ibi gíga nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ olóògbé Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá Bello wà lára èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Bàbá Gàní Àgbà ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni, ní ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Ògùn lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò rọrùn fún un rárá. Lọ́dún 1948, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ HMV. Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi orin náà kì. Àmọ́ ọjà ò tà. Ẹlòmíì ì bá ti wábi gbà, ṣùgbọ́n Hárúnà ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òde àríyá kan ò gbẹ́yìn òmíràn, títí àwọn olówó àti gbajúmọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ní nǹkan bí ọdún 1955, lẹ́yìn tí Orímolúsì ti wàjà, ó tún orin ọba náà kọ, ó sì tún gbé e jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn èèyàn rà á gan-an. Orin tí wọn ò kà sí tẹ́lẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká.

Ìjókòó ni Hárúnà máa ń wà tó bá ń kọrin. Àwọn onílù tó ń mú ìlù sọ̀rọ̀ á yí i ká, agídìgbo á máa dún lábẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà àti agogo á máa tẹ̀ lé e, àwọn elégbè á sì máa gbè é. Kì í kánjú. Oríkì, òwe àti àdúrà ló máa ń tò pọ̀, tí ẹni tó ń kì á fi gbàgbé pé òun jókòó síbi ìnáwó. Láyé ìgbà yẹn, gìtá ti gba inú jùjú kan, fèrè òyìnbó sì ti gba ti háíláìfù. Hárúnà ní tòun ò sí níbẹ̀. Kò fi ohun èlò orin òyìnbó kankan kún àpàlà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Lásìkò náà, ilé-iṣẹ́ tó bá tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú èrè, nǹkan díẹ̀ ló máa ń kan olórin. Lọ́dún 1969, Hárúnà àti I.K. Dáírò, ọ̀gá nínú orin jùjú tó ti gba oyè MBE ní 1963, da owó pọ̀, wọ́n sì dá STAR Records sílẹ̀. Orin àwọn méjèèjì ò jọra, èkínní ń ta gìtá, èkejì ò fẹ́ rí i, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n ń wá: kí ẹni tó dáko máa jẹ nínú ìkórè. Ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín.

Ọdún 1971 ni Oroki Social Club jáde, àwo tó fi yin ẹgbẹ́ àríyá kan l'Óṣogbo. Òun ló tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ gbé e dé orílẹ̀-èdè Benin, ìlú Ọba, Faransé, Jámánì, Sweden àti Ítálì, pẹ̀lú agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan náà.

Ẹni tó bá rò pé ó kórìíra ọ̀làjú, Phonodisk á fi hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sítúdíò ìgbàlódé ni, Hárúnà ló sì kọ́ ọ. Kò kọ́ ọ sí Èkó, níbi táwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ sí, Ìjẹ̀bú-Igbó nílé ló kọ́ ọ sí. Ẹ̀rọ òyìnbó tó máa gba ohùn sílẹ̀ ò bà á lẹ́rù. Èyí tó máa yí ohùn àpàlà padà ni kò gbà wọlé.

Lọ́dún 1981, Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1983, ọlọ́jọ́ dé. Nígbà tó di ọdún 2000, Sóyòyò tí ọmọ rẹ̀, Musiliu Hárúnà Ìṣọ̀lá, kọ gba ìgboro kan, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò bá bàbá láyé sì ń jó sí àpàlà. Ilé tí Bàbá Gàní Àgbà kọ́ ò wó.