Vivien Thomas: Káfíńtà Tó Tún Abẹ́rẹ́ Ṣe fún Ọkàn Ọmọ Ọwọ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ìṣègùn tí kò ní ṣe aláìsàn léṣe, Vivien Thomas ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Nashville ló dàgbà sí, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń tọ́jú owó kó lè kàwé dókítà, àmọ́ báńkì tó fowó sí kógbá sílé. Ní 1930, Dókítà Alfred Blalock gbà á síṣẹ́ ní láàbù rẹ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe, ṣùgbọ́n nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, owó agbálẹ̀ ni wọ́n ń san fún un.

Ní 1941, àwọn méjèèjì kó lọ sí Johns Hopkins ní Baltimore. Ibẹ̀ ni Dókítà Helen Taussig ti gbé ọ̀ràn àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn wá: ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ẹ̀dọ̀fóró tó, ètè wọn a sì máa rí bí aró. Thomas fi ajá dán an wò léraléra, ó ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá mọ́ èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣùgbọ́n iṣan ọmọ ọwọ́ kéré púpọ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá tóbi jù á lu ihò tí ẹ̀jẹ̀ á máa gbà jò. Thomas gé abẹ́rẹ́ gígùn kúrú, ó fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú, ó sì pọ́n ẹnu tuntun fún un. Ó tún irin tí wọ́n fi ń fún iṣan pa ṣe kó lè bá ara ọmọdé mu.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, 1944, Blalock ṣiṣẹ́ abẹ náà fún ọmọbìnrin olóṣù 15 kan. Thomas dúró lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ara ọmọ náà yá fún oṣù díẹ̀ kó tó kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó tẹ̀ lé e ló yè.

Nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1945, orúkọ Thomas kò sí níbẹ̀. Ọdún 1976 ni Johns Hopkins tó fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ó kú ní 1985.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ ìwé iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ rántí orúkọ ẹni tó bá yín tún irinṣẹ́ ṣe ní láàbù.