Jochen Rindt

Karl Jochen Rindt (ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1942 – ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970) jẹ́ awakọ̀ ìdíje tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ṣùgbọ́n tí ó ń díje lórúkọ Austria. Òun nìkan ni awakọ̀ tí ó gba oyè olúborí àgbáyé Formula One lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó tún wà lára àwọn awakọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbogbo ẹnu bèèrè bóyá ó yẹ kí ìdíje àgbà máa wáyé ní àwọn ọ̀nà tí wọ́n là gba inú igbó, orí òkè àti àárín abúlé kọjá, tí ẹwà wọn ń fa èrò mọ́ra, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣèèṣì.

Ìgbà èwe

Ìlú Mainz ni wọ́n ti bí i. Ará Jámánì ni bàbá rẹ̀, ará Austria sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé wọn ní ilé-iṣẹ́ tí ń lọ èròjà amọ́bẹ̀dùn. Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù tí àwọn ọkọ̀ òfurufú jù sí ìlú Hamburg pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbà á tọ́ ní ìlú Graz, ní Austria. Ibẹ̀ ni òun àti Helmut Marko, tí ó di awakọ̀ ìdíje bákan náà, ti ṣọ̀rẹ́.

Iṣẹ́ ìdíje

Ní ọdún 1964 ni òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, nígbà tí ó ṣẹ́gun Graham Hill nínú ìdíje Formula Two kan ní Crystal Palace, ìlú London. Ọdún náà ni ó kọ́kọ́ kópa nínú Grand Prix. Ní ọdún 1965, òun àti Masten Gregory jọ wa ọkọ̀ Ferrari, wọ́n sì borí nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans. Ó bá ẹgbẹ́ Cooper ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó lo ọdún 1968 pẹ̀lú Brabham, ó sì lọ sí Lotus ní ọdún 1969. Ọkọ̀ Lotus yára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dá èdè-àìyedè sílẹ̀ láàárín Rindt àti Colin Chapman tí ó ni ẹgbẹ́ náà. Ní Watkins Glen, ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ni ó ti kọ́kọ́ borí nínú Grand Prix. Nina Lincoln, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan.

Ẹwà ọ̀nà àti ewu rẹ̀

Ọ̀nà ìdíje Spa ní Belgium gùn tó kìlómítà 14 nígbà náà. Títì gbogbo ènìyàn ni, tí ó gba àárín igbó Ardennes kọjá, tí ilé, igi àti òpó wáyà wà létí rẹ̀. Òjò lè máa rọ̀ ní apá kan kí apá kejì gbẹ. Chris Bristow àti Alan Stacey kú níbẹ̀ nínú ìdíje kan ṣoṣo ní ọdún 1960. Nínú òjò ọdún 1966, Jackie Stewart há sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí epo bẹntiróòlù ti dà sí i lára. Rindt ló ṣe ipò kejì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn awakọ̀ bèèrè fún àtúnṣe ní ọdún 1969, tí àwọn alákòóso Spa kò gbà, kò sí Grand Prix Belgium ní ọdún yẹn rárá.

Ní ọdún náà ni ìjàǹbá Montjuïc ṣẹlẹ̀, lórí òkè tí ó kọjú sí ìlú Barcelona. Apá gíga tí wọ́n gbé lé ẹ̀yìn ọkọ̀ Lotus, kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ táyà mọ́lẹ̀, kọ́kọ́ ṣẹ́ lára ọkọ̀ Hill. Kò pẹ́ tí ti Rindt náà fi ṣẹ́ ní ibi kan náà, tí ó sì lọ kọlu ọkọ̀ Hill tí ó ti fọ́. Irin ìdènà etí ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọn wọ àárín èrò. Rindt fara pa ní orí, kò sì lè kópa ní Monaco. Ó kọ̀wé sí gbangba pé kí wọ́n fòfin de irú apá bẹ́ẹ̀.

Ní Charade, tí ọ̀nà rẹ̀ yí òkè ayọnáyèéfín kan tí ó ti kú ká ní ilẹ̀ Faransé, kọ́nà pọ̀ débi pé èébì gbé e ní ọdún 1969, ó sì ní láti dúró. Ní ọdún 1970, òkúta tí táyà ta sókè bà á lójú níbẹ̀ nígbà ìdánrawò; síbẹ̀ òun ló borí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òkúta ọ̀nà yìí kan náà ló fọ́ ojú kan Marko.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Charade ti ọdún 1970, ní Zandvoort, láàárín òkè iyanrìn etíkun Netherlands, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Piers Courage jóná mọ́ inú ọkọ̀. Rindt ló borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Nígbà tí ó yá, àwọn awakọ̀ kọ̀ láti díje ní Nürburgring, ọ̀nà tí ó lé ní kìlómítà 22 nínú igbó Eifel, àyàfi bí wọ́n bá tún un ṣe. Rindt wà lára àwọn tí wọ́n léwájú. Wọ́n gbé Grand Prix Jámánì lọ sí Hockenheim, ó sì borí níbẹ̀. Àwọn kan pe àwọn awakọ̀ náà ní ojo, wọ́n ní wọ́n ń ba ẹwà eré náà jẹ́. Ẹ̀sùn náà kò tọ́ sí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ Lotus lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Òótọ́ ni pé inú igbó ni Hockenheim náà wà, Jim Clark sì kú níbẹ̀ ní ọdún 1968. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irin ìdènà sí i. Kì í ṣe igbó ni àwọn awakọ̀ ń bá jà, bí kò ṣe igi tí kò sí ohunkóhun láàárín òun àti ọkọ̀.

Ikú rẹ̀

Monza, ní Italy, wà nínú ọgbà ọba àtijọ́ kan, irin ìdènà sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, Rindt ń wa Lotus 72 láìsí apá lára rẹ̀, kí ó lè yára sí i. Bí ó ti tẹ búrékì nígbà tí ó ń sún mọ́ kọ́nà Parabolica, ọ̀pá búrékì táyà ọ̀tún iwájú ṣẹ́, ọkọ̀ náà yà sí òsì, ó sì kọlu irin ìdènà. Wọn kò to irin náà dáadáa: ojú ìsopọ̀ rẹ̀ tú, iwájú ọkọ̀ sì wọ abẹ́ rẹ̀. Rindt kì í de bẹ́líìtì tí ń gba àárín ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òun kò ní lè tètè jáde bí iná bá sọ. Ara rẹ̀ yọ́ síwájú, bẹ́líìtì sì gé e lọ́fun. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni ọdún 28 ni. Wọ́n bá Chapman ṣẹjọ́ ní Italy, ilé ẹjọ́ sì dá a láre.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Àmì 45 ni ó ti kó jọ. Jacky Ickx nìkan ló kù tí ó lè bá a, ṣùgbọ́n nígbà tí Emerson Fittipaldi, tí òun náà ń wa Lotus, borí ní Watkins Glen, oyè náà di ti Rindt. Ní oṣù kọkànlá, Stewart fa ife ẹ̀yẹ lé Nina lọ́wọ́ ní ìlú Paris.

Formula One fi Spa sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1970, kò sì padà síbẹ̀ títí di ọdún 1983, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e kúrú sí nǹkan bíi kìlómítà 7. Wọ́n tún Nürburgring ṣe, ó sì padà ní ọdún 1971, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn adóòlà ẹ̀mí tètè dé ibi tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí iná jó Niki Lauda níbẹ̀ ní ọdún 1976, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fà á yọ. Ìgbà ìkẹyìn tí Formula One lo ọ̀nà gígùn náà nìyẹn. Ní Monza, láti ọdún 1972 ni wọ́n ti fi kọ́nà tóóró dín eré ọkọ̀ kù. Ìlú Graz ni wọ́n sin Rindt sí.